Dọ́ńgùlù Wi-Fi so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì lórí Linux Mint, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá ń dúró sójú ọ̀nà

Alátẹ̀wé_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, gbogbo ilé. Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti ń lé oníbàárà mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé nítòsí LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì ni mo ń lò, Linux Mint 21.3 ló wà lórí rẹ̀. Kò ní Wi-Fi nínú, ìdí nìyẹn tí mo fi ra dọ́ńgùlù kékeré kan (ẹ̀rọ Wi-Fi tí wọ́n ń ki bọ ojú USB) tí wọ́n kọ AC600 sí lára. Dírááfà rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà lè lò ó, kò sí nínú Mint. Akẹ́kọ̀ọ́ kan níbí ló bá mi gbé e wá láti GitHub, ìkànnì tí àwọn èèyàn ń kó kóòdù sí, ó sì ṣiṣẹ́.

Ohun tó ń ṣe é nìyí: sígínà kún, WhatsApp Web ń gba ọ̀rọ̀ wọlé, àmọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, PDF tó wúwo tó 40 MB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò kọ́kọ́ sáré dáadáa, tó bá yá yóò dúró gbọnrangandan. Nígbà míì á tún gbéra fúnra rẹ̀, nígbà míì á já pátápátá. Fóònù mi tó wà lórí ráútà kan náà ń gba fáìlì yẹn láìdúró. Oníbàárà á wá dúró tì mí lórí, á ní òun fẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn.

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Fóònù yín ti bá wa yọ ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà àti ráútà kúrò nínú ẹjọ́. Ó ku dọ́ńgùlù, dírááfà rẹ̀, ojú ibi tí ẹ ki í bọ̀, àti ohun tó yí i ká.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yí nǹkan kan padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á lọ da àṣẹ mẹ́wàá tí wọ́n rí káàkiri sínú tẹ́míná (ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ), bí ara ẹ̀rọ bá wá yá, wọn ò ní mọ èyí tó wò ó sàn. Bí kò bá sì yá, wọ́n ti dá kún àìsàn rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọn ọ̀nà náà láti kọ̀ǹpútà yín dé ọ̀dọ̀ ráútà nìkan. Ẹ ṣe àwọn wọ̀nyí, kí ẹ lẹ èsì wọn síbí:

```
lsusb
lsusb -t
iw dev
iw dev ORÚKỌ station dump
iw dev ORÚKỌ get power_save
ping -c 50 192.168.0.1
```

Orúkọ tí iw dev bá fi hàn yín, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wlx, ni ẹ ó fi sí ibi tí mo kọ ORÚKỌ. Nọ́ńbà dọ́ńgùlù yín gan-an wà nínú orúkọ yẹn, ẹ pa ìyókù rẹ̀ rẹ́ kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́. Bí àdírẹ́sì ráútà yín bá yàtọ̀ sí èyí, ẹ fi tirẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí tẹ́míná míì, ẹ tẹ `sudo dmesg -w` síbẹ̀ (ó ń fi ohun tí Linux ń kọ nípa àwọn ẹ̀rọ hàn), kí ẹ máa wò ó bí fáìlì bá ti ń wọlé. Ohun tó bá hàn nígbà tí fáìlì dúró ló ṣe pàtàkì jù.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó · Ọjọ́ Ajé, 10:20 àárọ̀

Màmá, ẹ kàn dá Windows padà sórí ẹ̀rọ yẹn, ẹ ó rí i pé gbogbo rẹ̀ á tán. Dọ́ńgùlù wọ̀nyí, Windows ni wọ́n ṣe é fún.

Alátẹ̀wé_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ajé, 11:47 àárọ̀

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó, ẹ ṣé. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Microsoft sì ti dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 (ṣíìpù ààbò), ẹ̀rọ tèmi kò ní in. Èmi kò lówó ẹ̀rọ tuntun báyìí, Mint sì bá mi lára mu, torí náà orí rẹ̀ ni mo fẹ́ wà.

Olùtúnṣe, èsì rèé. Mo mú èyí tó kan ọ̀rọ̀ wa nìkan:

```
Bus 001 Device 004: ID 0bda:c811 Realtek Semiconductor Corp. 802.11ac NIC
|__ Port 2: Dev 4, If 0, Class=Vendor Specific Class, Driver=rtl8821cu, 480M
|__ Port 1: Dev 2, If 0, Class=Mass Storage, Driver=uas, 5000M
channel 6 (2437 MHz), width: 20 MHz
signal: -57 dBm
tx bitrate: 72.2 MBit/s
Power save: on
```

Ping, ìyẹn àkókò tí ọ̀rọ̀ fi ń lọ sí ráútà tó sì ń bọ̀, ń ṣe bákan: 2 ms, 3 ms, á tún fò sí 140, 610, á padà sí 3. Dmesg kò sọ nǹkan kan rárá nígbà tí fáìlì dúró, mo jókòó tì í.

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 12:30 ọ̀sán

Ó dára gan-an pé dmesg dákẹ́. Bí iná tó ń lọ sínú dọ́ńgùlù bá ń já ni, ẹ̀ bá rí i kó kọ "USB disconnect", lẹ́yìn náà kó tún forúkọ sílẹ̀ lọ́tun. Kò ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ iná sílẹ̀.

0bda:c811 tó wà nínú èsì lsusb ń sọ pé ṣíìpù inú dọ́ńgùlù yín jẹ́ RTL8811CU. Iyara 480M tó wà níwájú rẹ̀ kò burú, USB 2.0 ni dọ́ńgùlù náà fúnra rẹ̀. Sígínà -57 dára: bí nọ́ńbà yìí bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni sígínà ṣe lágbára tó, ọkàn mi máa ń balẹ̀ àfi tó bá ti kọjá -70 lọ sí -80.

Power save tó wà ní "on" ló jẹ́ kí ping máa fò. Dọ́ńgùlù ń sùn láàárín kó lè fi iná pamọ́, ìyẹn dára fún láptọ́ọ̀pù tó wà lórí bátìrì, kò wúlò fún ẹ̀rọ orí tábìlì. Ẹ pa á fún ìgbà díẹ̀ ká fi wò ó:

```
sudo iw dev ORÚKỌ set power_save off
```

Bí ping bá tò, ẹ jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀ títí: ẹ ṣí fáìlì `/etc/NetworkManager/conf.d/default-wifi-powersave-on.conf`, ẹ yí `wifi.powersave = 3` sí 2, kí ẹ wá tẹ `sudo systemctl restart NetworkManager`.

Àmọ́ mi ò gbà pé òun nìkan ni. Ping tó ń fò kì í dá fáìlì dúró gbọnrangandan. Ìlà kan wà nínú èsì yín tó ń fa ojú mi: Driver=uas, 5000M. Kí ni ẹ ki bọ ibẹ̀? Ibo ló wà sí dọ́ńgùlù? Ibo sì ni ẹ ń tọ́jú fáìlì oníbàárà sí?

Ẹlẹ́rọ_Kútọnu · Ọjọ́ Ajé, 2:11 ọ̀sán

Ẹ káàsán o. Ẹ jọ̀ọ́, tèmi náà fara jọ ọ́, láti Kútọnu ni mo ti ń kọ̀wé. HP tòkunbọ̀ ni, Wi-Fi inú rẹ̀ jẹ́ RTL8723BE. Tí mo bá gbé e lé orí ráútà gan-an, ó ń kọ -80 dBm. Tí mo bá dìde lọ sí yàrá kejì, ó tán nìyẹn. Power save ti wà ní off.

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 2:40 ọ̀sán

Àìsàn tiyín yàtọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Káàdì yẹn ní ojú ibi méjì tí éríà lè wọ̀, HP sì so éríà kan ṣoṣo mọ́ ọn lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù wọn. Dírááfà á máa fetí sí ojú tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ ní kó lọ sí èkejì:

```
echo "options rtl8723be ant_sel=2" | sudo tee /etc/modprobe.d/rtl8723be.conf
sudo modprobe -r rtl8723be
sudo modprobe rtl8723be
```

Bí 2 kò bá yí nǹkan padà, ẹ fi 1 sí i. Ẹ wo signal nínú station dump kí ẹ tó ṣe é àti lẹ́yìn rẹ̀.

Alátẹ̀wé_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ajé, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Ping ti tò. 2, 3, 2, 4, kò fò mọ́. Ẹ ṣeun púpọ̀.

Fáìlì ńlá ṣì ń dúró. Olùtúnṣe, ìbéèrè yín ló jẹ́ kí n lọ wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Hàádì díìsìkì tí mo ń kó fáìlì oníbàárà sí ló wà ní 5000M yẹn, pọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù, dọ́ńgùlù sì wà ní pọ́ọ̀tù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra. Tààrà ni mo ń gba fáìlì sórí hàádì díìsìkì yẹn.

Mo fi PDF 60 MB kan wò ó, mo gbé ojú lé hàádì díìsìkì náà. Fáìlì bẹ̀rẹ̀, iná ara rẹ̀ kò mì. Ó ń lọ, ó ń lọ. Bí iná yẹn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú wàràwàrà, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà orí Firefox já wálẹ̀. Nígbà tí iná dákẹ́, ó tún gbéra. Ṣé ohun tí mo rò náà ni?

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́ Ajé, 7:20 alẹ́

Òun gan-an ni mà. Ẹ kú ojú tó ríran.

USB 3.0 ń gbé dátà ní 5 Gbit/s. Bó ṣe ń ṣe é, wáyà rẹ̀ àti ẹnu pọ́ọ̀tù rẹ̀ ń tú ariwo rédíò jáde, ariwo náà sì bo agbègbè 2.4 GHz. Intel fúnra wọn gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 2012: wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì fi hàn pé ẹ̀rọ aláìníwáyà 2.4 GHz tó bá wà nítòsí kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ṣáńẹ́ẹ̀lì 6 yín, 2437 MHz, bọ́ sí àárín rẹ̀. Éríà dọ́ńgùlù yín wà nínú ara rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ orísun ariwo gan-an lẹ sì ki í bọ̀. Fóònù yín jìnnà díẹ̀ sí i, ó ti bọ́.

Ìdí tí sígínà fi kún síbẹ̀ ni pé -57 ń sọ bí ohùn ráútà ṣe ròkè tó, kò sọ bí ariwo tó yí i ká ṣe pọ̀ tó. Ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìlọta kò ní gbọ́ra wọn, bí wọ́n tilẹ̀ ń pariwo.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí ó ṣe ń kọ́kọ́ sáré kó tó dúró. Linux kì í kọ fáìlì sórí díìsìkì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú RAM ló ń kó o sí ná, tó bá wá tó bí ìṣẹ́jú àáyá 30, tàbí tí ohun tó wà nílẹ̀ bá ti pọ̀, yóò da gbogbo rẹ̀ sórí díìsìkì. Ìgbà tó bá ń dà á ni ariwo ń jáde. Pákẹ́ẹ̀tì (ègé dátà tí wọ́n ń rán) á bàjẹ́, wọ́n á máa tún un rán, TCP, ìlànà tó ń darí bí dátà ṣe ń rìn, á rò pé ojú ọ̀nà ti dí, á fa ìjánu. Tí díìsìkì bá kọ tán, ariwo á dákẹ́, fáìlì á gbéra. Bí ó bá sì pẹ́ jù, ìkànnì tí ó ń rán an á já a. Ìyẹn ló fi ń rí bí ẹni pé kò ní ìlànà kankan.

Ẹ jẹ́ ká fi iperf3, ètò tó ń wọn iyara nẹ́tíwọ́ọ̀kì, jẹ́rìí sí i kó má ku iyèméjì. Ẹ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi wáyà so láptọ́ọ̀pù rẹ̀ mọ́ ráútà, kó tẹ `iperf3 -s`. Ẹ̀yin ẹ tẹ:

```
sudo apt install iperf3
iperf3 -c ÀDÍRẸ́SÌ_LÁPTỌ́Ọ̀PÙ -R -t 60
```

-R ń sọ pé ẹ̀rọ tiyín ni kó máa gbà, torí ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bó ti ń lọ, tó bá dé àárín, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó fáìlì ńlá kan láti inú kọ̀ǹpútà sórí hàádì díìsìkì. Fáìlì yẹn kò kan nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Bí iyara iperf3 bá ṣubú nígbà yẹn, kò sí àwáwí mọ́.

Ará_Ìlọrin · Ọjọ́ Ajé, 9:33 alẹ́

Ẹ forí jì mí pé mo ya wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Lórí tèmi, MiFi ni mò ń lò, Ubuntu 24.04. Google ń ṣí, YouTube ń ṣí, àwọn ìkànnì kan á máa yí kiri láìṣí. `git push`, àṣẹ tí mo fi ń rán kóòdù mi lọ, á dé "Writing objects", á dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kò sí hàádì díìsìkì níbì kankan. Ping ò ní àbùkù.

Ará_Peckham · Ọjọ́ Ajé, 10:15 alẹ́

Ará_Ìlọrin, kẹ́ẹ wo MTU, ìyẹn ìwọ̀n pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù tí ọ̀nà ń gbà. Ping kékeré ń kọjá torí pé ó kéré. Pákẹ́ẹ̀tì tó kún dé etí ni ọ̀nà kò gbà, ẹni tó yẹ kó sọ fún yín pé ó tóbi jù kò sì sọ nǹkan kan. Ẹ dán an wò:

```
ping -M do -s 1472 1.1.1.1
```

1472 tí a fi 28 kún jẹ́ 1500, ìwọ̀n tí ẹ̀rọ yín ń lò. Bí kò bá kọjá, ẹ máa dín in kù, 1432, 1392, títí yóò fi kọjá. Nọ́ńbà tó bá kọjá, ẹ fi 28 kún un, òun ni MTU yín. Ká ní 1400 ló bọ́ sí:

```
nmcli connection modify "ORÚKỌ_WIFI" 802-11-wireless.mtu 1400
nmcli connection up "ORÚKỌ_WIFI"
```

Alátẹ̀wé_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀

A ti ṣe é. Ọmọ náà mú láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá kí ó tó lọ sí kíláàsì. Ẹ wo bó ṣe rí:

```
[  5]  18.00-19.00  sec  5.38 MBytes  45.1 Mbits/sec
[  5]  19.00-20.00  sec  5.25 MBytes  44.0 Mbits/sec
[  5]  20.00-21.00  sec   640 KBytes  5.24 Mbits/sec
[  5]  21.00-22.00  sec  0.00 Bytes   0.00 bits/sec
[  5]  22.00-23.00  sec   128 KBytes  1.05 Mbits/sec
```

Ibi tó ti já sí 5 yẹn ni hàádì díìsìkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Mo tún yọ hàádì díìsìkì kúrò, mo jẹ́ kó lọ títí tó fi pé 60, kò jábọ́ rárá.

Báyìí, kí ni kí n ṣe? Mi ò lè má lo hàádì díìsìkì yẹn, iṣẹ́ àwọn ènìyàn ló wà lórí rẹ̀.

Ará_Peckham · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:05 ọ̀sán

Ẹ gbé dọ́ńgùlù jìnnà sí i. Wáyà àfikún USB 2.0 tó gùn tó mítà kan ti tó, ẹ ki í bọ ojú iwájú ẹ̀rọ, ẹ gbé orí rẹ̀ sókè tábìlì. USB 2.0 ni kẹ́ẹ rà, torí dọ́ńgùlù yẹn kò lò ju ìyẹn lọ. Kò sí dírááfà tó lè wo èyí sàn, bẹ́ẹ̀ ni Windows kò ní sàn jù ú lọ. Níbi iṣẹ́ mi, asin (mouse) aláìníwáyà lórí Windows máa ń fò kiri bí ẹnikẹ́ni bá ti ki USB 3.0 bọ ẹ̀gbẹ́ ibi tí ẹ̀rọ tó ń gba ohùn rẹ̀ wà.

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12:50 ọ̀sán

Mo fara mọ́ Ará_Peckham. Ẹ fi èyí kún un: RTL8811CU ń gbọ́ 5 GHz, ariwo yẹn kò sì dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀. Bí ráútà yín bá ní 5 GHz tó sì ń fi orúkọ kan náà pe méjèèjì, kọ̀ǹpútà lè máa yan 2.4. Ẹ fi agbára mú un:

```
nmcli connection modify "ORÚKỌ_WIFI" 802-11-wireless.band a
nmcli connection up "ORÚKỌ_WIFI"
```

Bí kò bá rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́, ẹ fi bg rọ́pò a, á padà sí 2.4. Ẹ tún wo `iw reg get`. Bí ó bá kọ country 00, ẹ tẹ `sudo iw reg set NG`, torí 00 ń fi òté sórí púpọ̀ nínú àwọn ṣáńẹ́ẹ̀lì 5 GHz.

Ẹlẹ́rọ_Kútọnu · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:18 ọ̀sán

ant_sel=2 kò ṣe nǹkan kan, ant_sel=1 ló gbà. Láti -80, ó ti di -46 níbi kan náà, lórí àga kan náà. Ìyàwó mi ń wo fíìmù lórí rẹ̀ ní yàrá báyìí. Olúwa á bù kún yín.

Alátẹ̀wé_Ògbómọ̀ṣọ́ · Ọjọ́rú, 10:40 àárọ̀

Mo ra wáyà àfikún lánàá. Lórí 2.4, pẹ̀lú hàádì díìsìkì tó ń kọ, ó ń ṣe bí 40 Mbit/s, kò dúró. Mo fi sí 5 GHz, ó kọjá 100. Láàárọ̀ yìí, iṣẹ́ àṣekágbá olójú ewé 180 tó ní àwòrán rẹpẹtẹ wọlé, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í, oníbàárà mú un lọ.

Ẹ̀rọ kejì wà tí mo fẹ́ fi Mint 22 sí. Irú dọ́ńgùlù wo ni kí n béèrè, kí n má baà máa kó dírááfà láti GitHub mọ́?

Olùtúnṣe_Bódìjà · Ọjọ́rú, 11:25 àárọ̀

Inú mi dùn gan-an, mà.

Ẹ má ra dọ́ńgùlù nípa orúkọ tó wà lára páálí. Orúkọ kan náà lè ní ṣíìpù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú, ó kan jẹ́ pé wọ́n yí ẹ̀dà padà. Ẹ béèrè ṣíìpù. Dírááfà MT7612U ti wà nínú kernel (ọkàn Linux) láti ẹ̀dà 4.19, ti MT7921U láti 5.18. Ẹ ki wọn bọ ẹ̀rọ, wọ́n á ṣiṣẹ́. AR9271 náà kò ní wàhálà, àmọ́ 2.4 GHz nìkan ló mọ̀, mi ò ní rà á fún ṣọ́ọ̀bù yín.

Èyí tẹ́ ẹ ní lọ́wọ́ náà kò ní sọnù. Kernel 6.8 ni Mint 22 bá dé, dírááfà RTL8811CU sì ti wà nínú kernel láti 6.2, rtw88_8821cu lorúkọ rẹ̀. Lórí ẹ̀rọ kejì yẹn, ẹ má ṣe gbé ti GitHub sí i, àwọn méjèèjì á máa jà sí dọ́ńgùlù kan. Bí ẹ bá ki í bọ̀ tí kọ̀ǹpútà sì pè é ní CD, tí lsusb ń kọ 0bda:1a2b, kò tíì yí padà sí Wi-Fi nìyẹn:

```
sudo usb_modeswitch -KW -v 0bda -p 1a2b
```

Tí ẹ bá dé ọjà, ẹ gbé láptọ́ọ̀pù ọmọ yẹn dání. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ẹ ki dọ́ńgùlù bọ̀ ọ́, ẹ tẹ lsusb. MT7612U á kọ 0e8d:7612, MT7921U á kọ 0e8d:7961. Bí ó bá kọ nǹkan míì, ẹ ya àwòrán rẹ̀ wá síbí, a ó sọ ohun tó jẹ́ fún yín.